Àdéhùn ìra-iná láàárín yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ sólà

Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi ní Òkè-Baálẹ̀, àdúgbò tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà nínú ìlú náà. Wọ́n ń ṣọ́ iná ní Òṣogbo ni, wọn kì í pèsè rẹ̀ níbẹ̀. Nítorí irú èyí ni àwọn yunifásítì fi ń wo àdéhùn ìra-iná.

Nínú àdéhùn yìí, ilé-iṣẹ́ sólà á fi owó ara rẹ̀ gbé páńẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti ínfátà sórí ilẹ̀ yunifásítì. Yunifásítì kò ra ẹ̀rọ. Iná tó bá gba inú mítà kọjá ló ń ra, ní iye kan lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan, fún ọdún 15 sí 20. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ ló máa sáré tún un ṣe, torí ìgbà tí kò bá síná, kò sówó.

Ẹ kọ́kọ́ wọn iná tí ọgbà ń lò ní wákàtí-wákàtí: oṣù kan tí akẹ́kọ̀ọ́ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n wà nísinmi. Lágbègbè wa, páńẹ́ẹ̀lì kílówáàtì 1 ń mú nǹkan bí yúníìtì 3.5 sí 4 wá lójúmọ́. Ó ń dín kù ní oṣù Keje àti Ẹkẹjọ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, eruku ọyẹ́ náà sì ń jẹ nínú rẹ̀ bí a kò bá nù ún. Ọgbà tó ń lo yúníìtì 4,000 lójúmọ́ á nílò kílówáàtì 1,000 sí 1,150, èyí tó máa gba ilẹ̀ hẹ́kítà kan ó lé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni gbólóhùn "bí o lò ó, bí o kò lò ó, o máa sanwó". Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ ṣèlérí láti máa ra yúníìtì 3,000 lójúmọ́, tí ìyanṣẹ́lódì sì sọ ìlò di 900: owó yúníìtì 2,100 tí ẹnikẹ́ni kò lò ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn nìyẹn, lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò rẹ̀ lọ́dún, kì í ṣe lójúmọ́.

Ohun tó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí iná tó ṣẹ́kù rí ibi lọ: ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja dídì, tó ń lọ ata, tó ń jó irin ní àdúgbò. Èrè ìlú gan-an nìyí, ṣùgbọ́n a kì í kàn fa wáyà sódìkejì ọ̀nà. IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná lágbègbè wa, ló ni wáyà àdúgbò, nítorí náà òun, ilé-iṣẹ́ sólà àti àwọn ará àdúgbò gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ síwèé. Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 náà sì fún ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣètò ọjà iná tirẹ̀.

Ìlérí ilé-iṣẹ́ sólà pé "a máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́" kò tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ mélòó, oṣù mélòó, ẹ̀rọ wo lọ́wọ́ wọn máa kàn. Owó dọ́là ni wọ́n fi ń ra páńẹ́ẹ̀lì, ẹ fi òpin sí bí iye yúníìtì ṣe lè gòkè tó bí náírà bá já wálẹ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù sì sábà ń lo nǹkan bí ọdún 10 péré: ẹ béèrè ẹni tó máa ra èkejì kó tó di pé ẹ fọwọ́ síwèé.