Amárajígìrì ni, kì í ṣe àfikún

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pe àwa mẹ́rin jọ sí ọ́fíìsì kan ní Garki ká lè tú ìwé pélébé kan lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà sí Yorùbá: ọmọ Kabba kan, ọmọ Ọ̀ffà kan, ìyá kan láti Ìbàdàn, àti èmi. Iṣẹ́ ń lọ geere títí a fi kan ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń pè ní adjuvant, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ara lè kọbi ara sí i dáadáa.

Ọmọ Ọ̀ffà ní ká kọ ọ́ ní "ájúfáǹtì", ká máa lọ. Mo ní ta ló fẹ́ kọ ọ́ fún? Ẹni tó bá ti mọ ájúfáǹtì, ṣé ìwé tiwa ló máa jókòó kà? Ìyá Ìbàdàn ní "amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́". Nínú Abuja yìí kẹ̀! Níbi tí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ti pọ̀ ju ọ̀gá lọ, tó jẹ́ pé báàgì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé tẹ̀ lé mínísítà kiri. Ẹni tó bá kà á pé amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ wà nínú abẹ́rẹ́ ọmọ òun, iye tí wọ́n ń san fún un ló máa kọ́kọ́ béèrè.

Ọmọ Kabba wá ní "àfikún". Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù, torí ó jọ òótọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Olè wọ àdúgbò yín ní Kubwa lóru. Nígbà tó ń sá lọ, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Mẹ́gáàdì tó ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì fi tọ́ọ̀ṣì wo fìlà náà, ó ní bóyá ti ará ilé kan ni, ó padà sùn. Fìlà yẹn ni ègé kòkòrò àìsàn tó wà nínú abẹ́rẹ́. Èèyàn lè fi í dá olè mọ̀, ṣùgbọ́n fìlà lásán kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, nítorí náà ara kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Àmọ́ bí ẹnì kan bá figbe ta, "Olè! Olè! Barawo!", gbogbo ilé á tú síta. Wọ́n á yí fìlà náà po, wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á wo bí wọ́n ṣe rán etí rẹ̀. Bí olè náà bá tún yọjú lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní dé géètì tí wọ́n á fi mú un. Igbe yẹn ni mò ń wí. Kí ló fi kún fìlà? Kò sí. Àwọn tó yẹ kó wo fìlà ló jí.

Ìdí tí mo fi pè é ní amárajígìrì nìyẹn. Ọmọ Kabba ní àwọn alágbo ní páàkì Nyanya ti ń polówó "amárajípépé", pé àwọn èèyàn á rò pé paraga la fẹ́ gún fún ọmọ wọn. Mo ní ìyàtọ̀ wà ńbẹ̀. Ara tó jí pépé, ijó ló fẹ́ jó. Ara tó jí gìrì ti gbọ́ nǹkan lóde.

Ìtàn sì gbè mí lẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1925, Gaston Ramon, dókítà ẹranko kan ní ilẹ̀ Faransé, ń gún ẹṣin lábẹ́rẹ́ kó lè rí oògùn dìfitéríà, àrùn tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun, nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ṣàkíyèsí pé ẹṣin tí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá wú, tó sì gba ọyún, ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń lágbára jù. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ da nǹkan mọ́ abẹ́rẹ́: èérún búrẹ́dì, tapióka tí wọ́n ń ṣe láti ara ẹ̀gẹ́, títí kan sapónìn, èròjà inú ewéko tó máa ń hó bí ọṣẹ. Ẹ̀gẹ́ kò lè pa kòkòrò dìfitéríà. Ara ẹṣin ló tọ́ níjà.

Nínú àwọn amárajígìrì, sapónìn ni ti inú ewéko tó gbòde báyìí. Ẹ má wá a lọ jìnnà. Ẹ wo ẹni tó ń fọ ewúro lọ́jọ́ Sátidé, èyí tí àwọn ìyá Hausa ń tà fún wa ní shuwaka. Bó bá ti gbo ó nínú báfù lẹ́ẹ̀kan, omi á ṣú, ìfófòó á gun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó da Omo sí i, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ kò sí níbẹ̀. Sapónìn ló ń hó. Ti inú abẹ́rẹ́, ara èèpo igi Quillaja saponaria ní orílẹ̀-èdè Chile ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi èèpo náà fọṣọ. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé mo ní kí ẹ bu omi ewúro fún ọmọ dípò abẹ́rẹ́ o. Sapónìn pọ̀ níríṣìíríṣìí, bó bá sì wà lóun nìkan, ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dà á pọ̀ mọ́ ọ̀rá kí wọ́n tó lò ó.)

Sapónìn igi Chile yìí ló wà nínú abẹ́rẹ́ ibà méjèèjì tí àjọ WHO fọwọ́ sí, RTS,S ní 2021 àti R21 ní 2023. R21 ni tiwa. Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2024, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń gún un fún ọmọ. Bí wọ́n ṣe po sapónìn inú tibí àti tọ̀hún yàtọ̀ díẹ̀, àmọ́ ìyẹn kò kan ìwé pélébé.

Ìyá Ìbàdàn tún ní ká kúkú pè é ní "oje igi ọṣẹ". Mo ní ẹ rọra. Ìyá tó ti ń sá fún abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ wá ń sọ fún un pé ọṣẹ wà níbẹ̀? Ọmọ Ọ̀ffà, tó ti tẹjú mọ́ fóònù, ní ọ̀rọ̀ igi gan-an ti ń di àná, pé ní 2024 àwọn onímọ̀ ti mú kí ìwúkàrà ṣe QS-21, sapónìn igi náà, nínú ilé ìwádìí. Mo ní ìdí mìíràn nìyẹn tí a kò fi ní so orúkọ náà mọ́ igi. Ìyá onílé ló ké olè ni o, ọmọ rẹ̀ ni o, mẹ́gáàdì á ṣáà jí.

Wọ́n gbà. Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ tàmì-tàmì, mo tún fa ìlà sí i nídìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fi ẹ̀dà tí wọ́n ti tẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ojú ewé kejì, ìlà kẹfà, lẹ́tà gàdàgbà: amárajípépé.