Kámẹ́rà Àgbémì Ni, Kì Í Ṣe Ojú Inú

Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́ bó: ìfun tó tẹ̀lé àpòlúkù kì í ṣe "ìfun kékeré". Ta ló wọ̀n ọ́n? Nínú àgbàlagbà, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 6. Èyí tí ẹ ń pè ní ìfun ńlá ò ju bíi mítà 1.5 lọ. Èyí tó fi ìlọ́po mẹ́rin gùn jù ni ẹ sọ di kékeré! Alápatà Láfẹńwá ní Abẹ́òkúta tó tú ìfun màlúù sórí pátákó mọ̀ pé títẹ́ẹ́rẹ́ ló yàtọ̀. Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ máa pín in sí mẹ́ta bíi tàwọn dókítà, kó máa pín in lọ.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ohun tí wọ́n ń pe capsule endoscopy, ìyẹn kámẹ́rà kékeré bí oògùn oníhóró tí aláìsàn ń gbé mì kó lè ya àwòrán inú ìfun. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ olùkọ́ èdè ní Ìbarà ní "ojú inú" ni. Ó ní ojú ni, inú ló sì ń wọ̀. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ojú inú ti níṣẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó ṣe kámẹ́rà. Ẹni tó fojú inú wo nǹkan kò rí i, ńṣe ló rò ó. Ṣé kí dókítà wá kọ ọ́ sínú fáìlì pé òun fojú inú wo ìfun aláìsàn? Àwọn mìíràn ní "ẹ̀rọ ayàwòrán ìfun onídìí oògùn". Kí aláìsàn tó pè é tán, ẹ̀rọ ọ̀hún á ti jáde nísàlẹ̀.

Kámẹ́rà àgbémì ni tèmi. "Àwòfun" ò tó, torí ẹni tó mu oògùn funfun kí wọ́n tó yàwòrán X-ray náà ń jẹ́ kí wọ́n wo ìfun òun. Gbígbé mì ló dá èyí yàtọ̀. Wọ́n ní òkèlè là ń gbé mì. Ẹ̀gbá wo ló ń jẹ láfún lẹ́nu? Bí òkèlè láfún ṣe ń lọ ló ń lọ, ìfun fúnra rẹ̀ ló ń tì í.

Gavriel Iddan, ẹnjiníà ará Ísírẹ́lì, ló pilẹ̀ rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2001. Kò ju mílímítà 11 ní fífẹ̀ àti 26 ní gígùn. Àwọn àkọ́kọ́ ń ya àwòrán 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún bíi wákàtí 8, ẹ̀rọ kan níbàdí aláìsàn sì ń gbà wọ́n sílẹ̀.

Ẹni tó dúró sórí afárá Láfẹńwá, ibi tí ojú rẹ̀ mọ ló rí nínú odò Ògùn. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní Ìṣẹ́rì ń wo tirẹ̀. Ta ló rí àárín? Bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà gígùn oníkámẹ́rà tí wọ́n ń kì bọ ẹnu àti èyí tí wọ́n ń kì bọ ìdí. Kámẹ́rà àgbémì ni igbá tí a jù sódò: omi ló ń gbé e, ó ń wo bèbè ọ̀tún, ó ń wo tòsì, kò lè dúró, kò lè padà, kò lè na ọwọ́ já ewé kan. Bí igi bá wó dí odò, igbá há nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń kọ́kọ́ bi ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ti bá ìfun jà, tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún níkùn rí, bóyá ọ̀nà ò tíì fún.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń sun níbi tí rọ́bà ò dé ni kámẹ́rà àgbémì sábà máa ń wá kiri: ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ ń tán lára, ẹ sì ń fi agbo jẹ̀díjẹ̀dí kún un. Kámẹ́rà yìí ò lè wò ó sàn o. Rọ́bà oníbàlúùnù méjì (fèrè tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí) tí dókítà Hironori Yamamoto ṣe ní Japan ló lè wọlé lọ jó ojú ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Táífọ́ọ̀dù tó bá ti lu ihò sí ìfun kò dúró de kámẹ́rà kankan. Iṣẹ́ abẹ ni, kíákíá.

Ẹ̀gbọ́n Ìbarà ò tíì gbà. Ó ní níwọ̀n bó ti ń bá ìgbẹ́ jáde, "àsújáde" ni ká kúkú máa pè é. Mi ò dá wọn lóhùn.