Ta Ló Sọ Pé Ẹja Ń Gbààwẹ̀ Nígbà Òtútù?

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ ní Amẹ́ríkà, tí ewé ti wọ́ tán lórí igi, tí èéfín ti ń jáde lẹ́nu èèyàn níta, ọ̀pọ̀ apẹja á gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ jù sínú gáréèjì, ó di oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Ẹ bi í pé kí ló dé. Á ní omi ti tutù jù, ẹja ti lọ sùn, kò jẹun mọ́. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Maryland, Chicago àti Minnesota náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, ẹlòmíràn nínú wọn a sì máa wo òyìnbó tó gbé àga ka orí yìnyín, tó ń dẹ ìwọ̀ láti inú ihò, bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

Àwọn tó tilẹ̀ mọ̀ pé ẹja ń jẹun nígbà òtútù ní ìgbàgbọ́ òdì tiwọn. Wọ́n ní bí omi bá ti tutù, ìjẹ gbọ́dọ̀ kéré, kó rọ̀, kó máa rìn jẹ́jẹ́ bí aláìsàn. Pé kí èèyàn má wulẹ̀ mú ìjẹ onírin, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń tan ẹja, jáde, torí pé irin wúwo, ó ń yára rì, ó sì ń gbọ̀n kíkankíkan, á lé ẹja sá ni. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sá fún irin yìí gan-an ló ń jẹ́ kí irin ṣiṣẹ́. Ẹja inú omi tútù kò fi oúnjẹ sílẹ̀. Ìrìn ló dín kù.

Omi ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí omi bá ṣe ń tutù ló ń kì, tó ń wúwo sí i, títí yóò fi dé bíi digírì 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti tutù kọjá ibẹ̀, ńṣe ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí adágún fi ń dì láti òkè, tí yìnyín sì ń léfòó. Omi digírì 4 ló wúwo jù, òun ló máa ń rì lọ sí ìsàlẹ̀ tí á jókòó síbẹ̀. Omi tó ti fẹ́ẹ̀ dì á wà lókè, lábẹ́ yìnyín. Nígbà ooru, òkè ló gbóná, ìsàlẹ̀ ló tutù. Lóṣù kìíní, ọ̀rọ̀ yí padà: nínú adágún tó jìn, ìsàlẹ̀ ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù, bí a bá lè pe digírì 4 ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹja ń kóra jọ sí. Ẹni tó bá wá lọ dúró sí etí omi tí kò jìn, níbi tó ti pa ẹja lóṣù kẹfà, tó ju ìwọ̀ títí tí apá fi ń ro ó, tó wá ní ẹja ti sùn, ẹja ò sùn o. Wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀ ni.

Àìsí afẹ́fẹ́ tó tó kọ́ ló sì ń lé wọn kiri. Omi tútù máa ń gba ọ́síjìn mọ́ra ju omi gbígbóná lọ: lítà omi kan tó wà ní digírì 0 lè gba bíi mílígíráàmù 14.6, èyí tó wà ní digírì 20 kì í gbà ju bíi 9 lọ.

Ara ẹja ńkọ́? Ẹja kò ní iná nínú ara bíi tiwa. Bí omi bá ṣe tutù ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tutù. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń lò ni pé bí ìgbóná bá fi digírì 10 wálẹ̀, iṣẹ́ inú ara ẹja á dín sí bí ìdajì. Ẹja bass tó wà nínú omi digírì 24 lásìkò ooru, bí omi bá sọ̀ kalẹ̀ dé digírì 4, ohun tí ara rẹ̀ ń jó lóòjọ́ á ṣẹ́kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Oúnjẹ díẹ̀ tó o, èyí tó bá sì gbé mì á pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó dà. Àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin kì í ṣe òfo. Ẹja yẹn dà bí àgbàlagbà tó ti rí àga jókòó sí lóde ìnáwó: kò ní dìde lọ sídìí ìkòkò, kò ní bá ọmọdé du àwo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé mọ́ínmọ́ín kọjá níwájú rẹ̀, ọwọ́ á nà.

Ká má sì fi gbogbo ẹja sínú agbọ̀n kan náà. Omi tútù ni lake trout fẹ́ràn jù. Yellow perch àti walleye ń jẹun lábẹ́ yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù dé òpin rẹ̀, àwọn ló sì ń mú kí àwọn apẹja máa wọ́ ilé onípákó lọ sórí adágún Mille Lacs àti Lake of the Woods ní Minnesota, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń rìn lórí omi bí ẹni pé títì ni. Burbot tilẹ̀ wà, ẹja tó jẹ́ pé àárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta, nígbà tí yìnyín ṣì bo omi, ló ń yé ẹyin. Irú ẹja wo ló ń sùn tó tún ń ṣe ìyàwó? Lọ́wọ́ kejì, flathead catfish, irú ẹja àrọ̀ kan, máa ń lúgọ sí ìsàlẹ̀ odò nígbà òtútù, tí kò fẹ́ẹ̀ ní í mira rárá. Mo rò pé irú rẹ̀ ló bá àwọn yòókù lórúkọ jẹ́. Ẹni tó ń pa ẹja àrọ̀ nìkan láti ọdún dé ọdún, á ṣòro fún un kó tó gbà pé ẹja mìíràn wà lójúfò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ irin ti wá dùn jù ni àwọn adágún Tennessee, Kentucky àti agbègbè wọn, níbi tí yìnyín kì í ti í sábà bo omi ṣùgbọ́n tí òtútù ń múni dé egungun. Ẹja kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní threadfin shad, kò ju ìka ọwọ́ lọ, ó funfun bíi fàdákà. Òun ni oúnjẹ àwọn ẹja ńlá láti oṣù dé oṣù. Ẹja omi lílọ́ ni, kò lè gba òtútù. Bí omi bá ti ń sún mọ́ digírì 7, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Bó bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, á máa kú lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ wo bó ṣe ń kú. Kì í kàn dójú dé kó léfòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á máa yí ẹ̀gbẹ́ kan, á rì díẹ̀, á ta pọ́n-ún bí ẹni pé ó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ, okun á tán, á tún máa já bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́, ikùn rẹ̀ á máa kọ mọ̀nà. Bass tó wà nísàlẹ̀ kò ní láti lé ohunkóhun. Á yẹ̀ síwájú bí ẹsẹ̀ bàtà kan, á la ẹnu, ó parí.

Ẹ wá mú ṣíbí irin kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, ẹ sọ ọ́ sínú omi. Á yí ẹ̀gbẹ́, á ta, á já bọ̀, á kọ mọ̀nà. Kò sí ìjẹ onírọ́bà tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Láti ayé ìgbà ni wọ́n ti mọ èyí. Ní 1852 ni Julio Buel, ará Vermont, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ìjẹ oníṣíbí, ìtàn tí wọ́n sì ń sọ ni pé ṣíbí ìjẹun ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi tí ẹja ńlá kan fi gbé e mì. Bóyá wọ́n ti bu iyọ̀ sí ìtàn náà, n kò lè búra sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ṣíbí tó ń já bọ̀ ni ẹja gbé, wọn ò sọ pé ẹnì kan ń fà á.

Irin mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní blade bait. Abala irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n gé e bí ẹja kékeré, wọ́n yọ́ òjé mọ́ ọn níbi àyà àti orí, wọ́n wá fi ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta so mọ́ ikùn àti ìrù rẹ̀. Ihò méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń wà ní òkè ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá so okùn mọ́ ihò iwájú, èyí tó sún mọ́ orí, á máa gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá so ó mọ́ èyí tó sún mọ́ ìrù, ìgbọ̀n náà á fẹ̀, á sì le. Fún omi tó tutù gan-an, iwájú ni mo fara mọ́. Ẹ má sì ta okùn mọ́ ihò náà ní tààrà, etí irin yẹn mú, á gé e. Ìkọ́ kékeré tó ń ṣí tó ń dé ni kẹ́ ẹ fi sí àárín wọn.

Ọ̀pọ̀ tó ní irin ò ṣiṣẹ́ nígbà òtútù, ọwọ́ wọn ló ba irin jẹ́. Wọ́n á ju ú síwájú, wọ́n á máa ká a bọ̀ wàrà-wàrà bí ìgbà ooru, ẹja á sì kàn máa wò ó lọ. Òmíràn á sọ ọ́ sísàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ á wá fi gbogbo agbára já a sókè títí dé orí rẹ̀. Ẹja wo ló fẹ́ máa lépa nǹkan tó ń fò bẹ́ẹ̀ nínú omi digírì 4? Ohun tí irin ń fẹ́ kò tó nǹkan. Ẹ dúró sí ọ̀gangan ibi tí ẹja wà. Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e sókè ní bí ínǹṣì mẹ́fà sí méjìlá, kí ọ̀pá kàn gbọ̀n lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá tẹ̀lé e padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú okùn tí kò le koko tí kò sì dẹ̀ jù. Bó bá le jù, irin ò ní lè yí ẹ̀gbẹ́. Bó bá dẹ̀ jù, ẹja á gbé e, á tutọ̀ rẹ̀ dànù, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ tún ṣe é. Níbi tó ti ń já bọ̀ yẹn ni ẹja ti sábà máa ń gbé e, kì í sì í ṣe pé á fa ọ̀pá yín bẹ́ẹ̀ kó tẹ̀. Nígbà mìíràn okùn kàn máa dẹ̀ kí irin tó dé ìsàlẹ̀ tí ẹ mọ̀ ni. Nígbà mìíràn ẹ fẹ́ gbé e, ó wá wúwo bí ẹni pé ewé tútù ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fà á nígbà náà, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwúwo tí wọ́n ń bú irin sí náà ló jẹ́ kí gbogbo èyí ṣeé ṣe. Nínú omi tó jìn tó ọgbọ̀n tàbí ogójì ẹsẹ̀ bàtà, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń ti ọkọ̀ ojú omi kiri, ìjẹ tó fúyẹ́ á ti gbà ibòmíràn lọ kó tó dé ìsàlẹ̀. Irin gíráàmù 14 á lọ ní tààrà sí iwájú ẹja tí kò fẹ́ rìn.

Dídán irin kọ́ ni ohun gbogbo o. Ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀ ní ìsàlẹ̀ adágún nígbà òtútù, pàápàá bí yìnyín bá bo orí omi. Ìlà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ara ẹja, láti ẹ̀yìn orí títí dé ìrù, ìlà yẹn ló fi ń mọ̀ pé nǹkan ń mira nítòsí. Ìgbọ̀n blade bait kò nílò ojú kí ẹja tó mọ̀ pé ó ti dé. Nítorí náà, àwọn tó ń ná owó lórí àwọ̀ mẹ́wàá, ẹ ra méjì, kẹ́ ẹ fi ìyókù ra ìbọ̀wọ́ gidi.

Ibì kan wà tí ìgbàgbọ́ náà ti ní òótọ́ nínú. Bí òtútù bá já lu omi lójijì, tí ìgbóná rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹja máa ń di ẹnu fún ìgbà díẹ̀. Nínú adágún kékeré tí kò jìn, bí snow bá ga lórí yìnyín tó sì dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ koríko inú omi, ọ́síjìn lè tán níbẹ̀ débi tí ẹja á fi kú. Irin ò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ jáde lọ dán an wò, kó mọ̀ pé ẹja tí wọ́n yára fà láti ibi tó jìn ju bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà lọ, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè wú ju bó ṣe yẹ lọ, kó má lè padà sísàlẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ ẹ́ kó má lọ jin jù. Lórí yìnyín, ohun tí ìjọba Minnesota ń sọ ni pé kó nípọn tó ínǹṣì mẹ́rin, kó sì mọ́ gaara, kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wù tó ń múni léfòó kò ṣeé fi sílé bó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ wà, torí omi digírì 4 kì í fún òmùwẹ̀ tó mọ̀wẹ̀ jù pàápàá láyè púpọ̀. Kẹ́ ẹ sì wo òfin ìpínlẹ̀ yín lórí òjé kẹ́ ẹ tó rajà: ní New Hampshire, òjé tí wọ́n ń so mọ́ okùn kó lè rì, àti ìwọ̀ tí wọ́n yọ́ òjé mọ́, tí ìwúwo wọn kò ju bíi gíráàmù 28 lọ, kò gbọ́dọ̀ wọ omi, nítorí ẹyẹ loon tó ń gbé e mì tó sì ń kú. Àwọn tó ń ta irin láìfi òjé sí i ti pọ̀ báyìí, owó ẹ̀ kàn fi díẹ̀ ga ni.