Ẹ Yí Ìdí Ìkòkò Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ó máa ń ya àwọn tó ń gbé ìkòkò òdòdó Amẹ́ríkà àtijọ́ wá bá mi lẹ́nu pé n kì í kọ́kọ́ wo àwòrán ara rẹ̀. Mo máa ń dorí rẹ̀ kodò ni, kí n ka ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Rookwood ṣe àpẹẹrẹ, iléeṣẹ́ tí Maria Longworth Nichols dá sílẹ̀ ní Cincinnati, ìpínlẹ̀ Ohio, lọ́dún 1880. Láti 1886 ni wọ́n ti ń tẹ R àti P sídìí ìkòkò wọn, tí lẹ́tà méjèèjì fẹ̀yìn tira. Ní 1887, wọ́n fi ahọ́n iná kan kún un, wọ́n sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un lọ́dọọdún títí ó fi di 14 ní 1900. Láti 1901, nọ́ńbà àwọn ará Róòmù ló ń wà nísàlẹ̀. Bí ahọ́n iná bá jẹ́ mẹ́sàn-án, 1895 ni wọ́n ṣe é. Bó bá pé 14 tí XI sì wà lábẹ́ rẹ̀, 1911 ni. Ẹ wá orúkọ ayàwòrán náà pẹ̀lú, tí wọ́n gé kúrú. Kataro Shirayamadani, ọmọ Japan tó débẹ̀ ní 1887, máa ń fi ìkọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ kọ tirẹ̀. Bí ẹ bá rí X tí wọ́n họ sí i, iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ti rí àbùkù níbẹ̀. Èmi kì í kọ irú rẹ̀, torí àbùkù ọ̀hún lè má ju ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Gíléèsì, ìyẹn awọ tí iná yọ́ mọ́ ara amọ̀, ló mú mi lọ́kàn jù. Yanrìn tó kúnná ni, pẹ̀lú ohun tó ń mú un yọ́ àti irin inú ilẹ̀ tó ń fún un láwọ̀. Bàbà lè di àwọ̀ ewé. Bí atẹ́gùn bá ṣọ̀wọ́n nínú ààrò, bàbà kan náà lè pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Amọ̀kòkò kò ní mọ̀ dájú àfìgbà tó bá ṣí ààrò. Ní Boston, iléeṣẹ́ Grueby ṣe àwọ̀ ewé tí kì í dán, tó rí bí èèpo bàrà. Artus Van Briggle, amọ̀kòkò tó ti ṣiṣẹ́ ní Rookwood, ń wá irú gíléèsì aláìdán tí àwọn ará Ṣáínà ayé àtijọ́ ṣe. Ikọ́ fée gbé e lọ sí Colorado Springs, ó ṣí iléeṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ní 1901, ó sì kú ní 1904. N kì í lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́ kí n má rántí bí àkókò rẹ̀ ti kúrú tó.

Ìlà tín-ín-tín-ín bí òwú aláǹtakùn lára gíléèsì kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Bí gíléèsì bá sún kì ju amọ̀ lọ nígbà tó ń tutù, yóò là. Kí amọ̀ fúnra rẹ̀ sán ni ewu. Ẹ fi oríkèé ìka kan ìkòkò náà, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe lọ́jà: èyí tó yè yóò dún gooro, èyí tó sán yóò dún kẹ̀kẹ̀. Etí kò tó o. Mo ti ra ọ̀kan rí tó dún dáadáa; ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò (tọ́ọ̀ṣì UV) sí i nínú òkùnkùn ni ọ̀dà tí wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀ tó ti já hàn gbangba. Látìgbà náà, tọ́ọ̀ṣì yìí kì í kúrò nínú àpò mi.

Ẹ ṣọ́ra fún ìkòkò Roseville, iléeṣẹ́ kan ní Zanesville, ìpínlẹ̀ Ohio. Iléeṣẹ́ náà ti kógbá sílé ní 1954, ṣùgbọ́n ayédèrú láti Ṣáínà ti kún ọjà láti àwọn ọdún 1990. Àwòrán ara ayédèrú wọ̀nyí máa ń rọ̀ wọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò. Ẹ yẹ ìdí wò fún ihò pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti lu láti fi ṣe àtùpà.

Ẹ má fi wọn jẹun, ẹ má fi wọn mumi: òjé wà nínú ọ̀pọ̀ gíléèsì àtijọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi òdòdó tútù sínú rẹ̀, ẹ ki ife kékeré bọ inú rẹ̀, kí omi má baà gba àwọn ìlà wọ̀nyẹn wọlé sínú amọ̀.