Homocystinuria: àìsàn ìdílé tó lè mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọpọlọ ọmọdé

Bí rọpárọsẹ̀ tó ti inú ọpọlọ wá (stroke) bá mú ọmọdé n'Iléṣà, ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ béèrè ni jẹnotáìpù rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí fòníkú-fọ̀ladìde ló sábà máa ń fà á nílẹ̀ wa. Bó bá wá jẹ́ AA lọmọ ọ̀hún ńkọ́? Ọ̀kan lára ohun tó yẹ kí wọ́n wò ni homocystinuria. Kò wọ́pọ̀ rárá. 1962 ni àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nípa rẹ̀.

Ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ní èròjà kan, methionine, tí ara máa ń sọ di homocysteine. Ó yẹ kí ẹ́ńsáìmù kan (èròjà inú ara tó ń yí nǹkan padà), pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ fítámì B6, tún sọ ìyẹn di nǹkan mìíràn. Lára ọmọ yìí, ẹ́ńsáìmù náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Homocysteine á kún inú ẹ̀jẹ̀, á máa ba ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dì. Bó bá dì sínú iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú ọpọlọ, ọ̀rọ̀ náà dà bí gọ́tà tí pàǹtírí dí nígbà òjò: ohun tó yẹ kó ṣàn lọ á padà sẹ́yìn. Orí á máa fọ́ ọmọ, á máa bì, á máa tòògbé ṣáá, gìrì lè mú un, apá tàbí ẹsẹ̀ kan sì lè rọ. Ìgbẹ́ gbuuru tó gbẹ omi ara tún máa ń dá kún un.

Bí AS méjì ṣe ń bí SS náà ni wọ́n ṣe ń bí i: bàbá gbé e, ìyá gbé e, ara àwọn méjèèjì le koko. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ewu rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyá ọkọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.)

Ojú máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ọmọ á máa gbé ìwé sún mọ́ ojú gan-an; apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀kọ́ sì lè máa ṣòro fún un.

Gìrì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù. Ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Iléṣà ni kẹ́ ẹ gbé ọmọ náà lọ, tàbí OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ifẹ̀, bó bá sún mọ́ yín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi iye homocysteine hàn. Fítámì B6, tí kò wọ́n, ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní i; àwọn yòókù á dín ẹran àti ẹyin kù lábẹ́ ìtọ́jú dókítà, wọ́n á sì lo oògùn tó ń jẹ́ betaine. Kí wọ́n yẹ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà wò pẹ̀lú, kódà bí ara wọn bá le.