Ọmọ tó ń ké lóru ò dọ́gbọ́n fún ẹnikẹ́ni

Kò sí agboolé tí wọ́n bímọ sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, bóyá ní Masífà ni o àbí Sábó, téèyàn ò ní gbọ́ ọ: "Ẹ má gbé e jù, á mọ ọwọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa jìyà ẹ̀." Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún o! Ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé ọwọ́ òun lòun fi ń họ ara òun lójú, òun ni wọ́n ní ó ń dọ́gbọ́n. Irọ́ gbáà ni, ó sì ti mú kí àìmọye ọmọ sun ẹkún tí kò yẹ kí wọ́n sun.

Ẹkún òru, fèrè ọdẹ ni. Láago méjì òru, ọdẹ àdúgbò kan á fọn fèrè, ti àdúgbò kejì á dá a lóhùn, ó parí, kálukú á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Tí ẹnì kejì ò bá dáhùn ńkọ́? Ẹni àkọ́kọ́ á tún un fọn, á fọn ọ́n kíkan ju tàkọ́kọ́ lọ, tó bá yá á gbé tọ́ọ̀ṣì, á máa lọ síbẹ̀ láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ ò lè rìn, kò ní tọ́ọ̀ṣì, fèrè nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Èsì ló sì ń jẹ́ kó sinmi. Lọ́dún 1986, àwọn olùwádìí méjì, Hunziker àti Barr, ní Montreal, ní Kánádà, ní kí àwọn ìyá kan máa gbé ọmọ wọn kún bí wọ́n ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀, kódà tí kò bá sunkún. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó jẹ́ ìgbà tí ẹkún ọmọ máa ń pọ̀ jù, ẹkún tiwọn fi 43% dín sí tàwọn yòókù. Ọmọ tí wọ́n ń gbé ni kò ké tó bẹ́ẹ̀!

Ebi, ìtọ̀, ooru nígbà tí NEPA bá mú iná, ọyẹ́, gbogbo ìyá ló mọ ìyẹn, ká fò ó. Ẹyọ kan ṣá: bí ìdajì oorun ọmọ tuntun ló jẹ́ èyí tó máa ń ta ọwọ́ ta ẹsẹ̀, tó ń kùn, tó ń rẹ́rìn-ín, táwọn ìyá àgbà máa ń ní áńgẹ́lì ń bá a ṣeré. Oorun ló ń sùn. Ẹni tó bá fò gbé e nígbà yẹn ló jí i. Kéèyàn kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé e láyà, kó wò ó ná.

Tó bá ké lóòótọ́, kéèyàn gbé e kó máa rìn. Jíjókòó gbé e ò tó. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí kan tó ń jẹ́ RIKEN ní Japan wò ó lọ́dún 2013: bí ìyá bá ṣe dìde tó ń rìn báyìí, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ara ọmọ á rọ̀, ọkàn ẹ̀ tó ń lù kìkìkì á rọra lọọlẹ̀. Ọmọ eku náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ìyá ẹ̀ bá fẹnu gbé e lọ́rùn. Ìyá tó ń gbé ọmọ sá fún ewu ò ní lè sáré tí ọmọ bá ń jà lọ́wọ́ ẹ̀, bóyá ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo èèyàn ti ń kùnà ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sílẹ̀. Lọ́dún 2022, àwọn RIKEN yìí náà tún wo ọmọ 21. Rírìn ìṣẹ́jú márùn-ún pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó sùn lọ. Nígbà tí wọ́n wá gbé wọn sílẹ̀, àwọn kan jí. Gbogbo èèyàn rò pé bẹ́ẹ̀dì ló jí wọn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o! Kí ẹ̀yìn wọn tó kan bẹ́ẹ̀dì rárá ni bí ọkàn wọn ṣe ń lù ti ń yí padà, ìgbà tí àyà wọn kúrò lára ìyá wọn gan-an. Ìyẹn ni pé ìyá ni ọmọ ń ṣọ́, kò kan mátírẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá ti pọ̀n ọmọ rí mọ̀ ọ́n: ìyá á bẹ̀rẹ̀, á tú ọ̀já, afẹ́fẹ́ á wọ àárín àyà ọmọ àti ẹ̀yìn tó ti làágùn, ojú á là pàà. Nítorí náà, tó bá ti sùn, kéèyàn má tíì tú ọ̀já. Kó jókòó jẹ́ẹ́ sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ, kí oorun náà wọra, títí tí ọwọ́ ọmọ á fi rọ jọ̀wọ̀lọ̀, kó tó wá rọra tẹ́ ẹ. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí wù mí gidi gan-an, torí ọmọ tí kò mọ nǹkan kan láyé mọ èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Ọmọ ajá náà ò yàtọ̀. Àárín ìyá àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ti ń sùn látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n rà á, wọ́n so ó mọ́ ìdí géètì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń ké, wọ́n da omi lù ú. Kí ló ṣe? Kí wọ́n fi í sínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú aṣọ tó ní òórùn ìyá ẹ̀, tó bá ké kí wọ́n gbé e jáde lọ tọ̀, láìbá a ṣeré, kí wọ́n dá a padà. Tó bá ti mọlé, kí wọ́n máa sún páálí náà díẹ̀díẹ̀ lọ sí fàráńdà.

Àléébù gbígbé ọmọ rìn lóru báyìí ni pé ilé elérò púpọ̀ ló bá mu, tí ìyá àgbà á gbà á, tí àǹtí á gbà á. Ìyá tó dá wà nínú self-contain ní àdúgbò Under G, ara ẹ̀ á kọ̀ lọ́jọ́ kan. Tó bá dé bẹ́ẹ̀, kó tẹ́ ọmọ kó fẹ̀yìn lélẹ̀, níbi tó tẹ́jú tí kò sí pílò, kó jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó lọ mí. Ẹkún ìṣẹ́jú márùn-ún ò ní ṣe ọmọ ní nǹkan, àmọ́ gbígbọ̀n ọn jìgìjìgì lè ba ọpọlọ ẹ̀ jẹ́. Tó bá sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tí ara ẹ̀ gbóná dé 38°C, ẹ yé rìn kiri yàrá pẹ̀lú ẹ̀, ilé ìwòsàn Bowen tàbí ti LAUTECH lóru yẹn náà ni, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.