Oña Ni Ẹ̀kọ́ Àwọn Adití Ti Ṣẹ̀

Ṣé ká da àwọn ọmọ akàndá pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì kan náà, àbí ká dá ilé ìwé tiwọn sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ tó ń jiyàn yìí gbà pé ìpàdé àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ àwọn akàndá, tí wọ́n ṣe ní Salamanca nílẹ̀ Spéìn lọ́dún 1994, ló bí i. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Spéìn náà ni, ṣùgbọ́n ìlú Oña ni, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ adití, ní ohun tó lé ní irinwó ọdún ṣáájú ìpàdé yẹn.

Fìrífìrí la rí ohun tó wà ṣáájú Oña. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù àtijọ́, sọ̀rọ̀ Quintus Pedius, ọmọ ọlọ́lá ará Róòmù tí kò lè sọ̀rọ̀, tí wọ́n kọ́ ní àwòrán yíyà. Bede, òpìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kọ ọ́ pé Bíṣọ́ọ̀bù John ará Beverley kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin odi kan ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí ó fi sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìyanu ni Bede pè é. Lójú tèmi, iṣẹ́ olùkọ́ tó ní sùúrù ni.

Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ni wọ́n fa Francisco àti Pedro, ọmọ adití láti ìdílé Velasco, lé Pedro Ponce de León lọ́wọ́, mọ́ńkì kan (ọkùnrin tó ya ayé rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run) nílé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Benedict mímọ́ ní Oña. Àwọn òpìtàn kan ní ọ̀rọ̀ ogún ló fà á, pé adití tí kò bá sọ̀rọ̀ kò lè jogún. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ogún kì í kọ́ ọmọ níwèé.

Ilé yẹn gan-an ni kí ẹ wò. Òfin Benedict fẹ́ kí wọ́n máa dákẹ́, nítorí náà àwọn mọ́ńkì ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láti ayé àtijọ́. Ní Cluny, ilé mọ́ńkì ńlá kan nílẹ̀ Faransé, wọ́n kọ àwọn àmì náà sílẹ̀: ẹni tó fẹ́ búrẹ́dì á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ méjèèjì ṣe òbìrípo; ẹni tó fẹ́ ẹja á ju ọwọ́ bí ìrù ẹja nínú omi. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé Oña ni orísun. Ọmọ adití wọ ilé tí gbogbo àgbà ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kó tó dé. Àwọn tó ń gbọ́ràn ló ti yí ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ wọn padà, kì í ṣe ọmọ náà. Nínú ìwé kan tó ṣe lọ́dún 1578, Ponce ní àwọn ọmọ òun mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà, wọ́n ń ṣírò, wọ́n ń sọ̀rọ̀, àwọn kan sì gbọ́ èdè Látìnì.

Lọ́dún 1620, Juan Pablo Bonet, ará Spéìn kan, tẹ ìwé lórí iṣẹ́ yìí, kò sì dárúkọ Ponce. Àwọn Faransé ní àlùfáà de l'Épée ni baba ẹ̀kọ́ adití. Ó ṣe gudugudu méje fún ọmọ tálákà ní Paris, ṣùgbọ́n nǹkan bí igba ọdún ló fi kẹ́yìn Oña. Ti Heinicke, olùkọ́ adití ní Leipzig nílẹ̀ Jámánì, kíkọ́ adití láti fi ẹnu sọ̀rọ̀ nìkan ló gbájú mọ́.

Ìfẹ́ ẹnu yẹn ló borí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ adití ní Milan, nílẹ̀ Ítálì, lọ́dún 1880. Aṣojú 164 péjọ, ẹyọ adití kan ló wà láàárín wọn, wọ́n sì dìbò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbọ́dọ̀ lékè. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ adití pàdánù iṣẹ́ wọn. Ọdún 2010 ni ìpàdé irú rẹ̀ ní Vancouver tó kọ ìpinnu náà sílẹ̀.

Ìyókù kò pẹ́ sọ: òfin Amẹ́ríkà ti 1975 lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ akàndá, ìjábọ̀ Warnock lórí ọ̀rọ̀ kan náà ní Bìrìtìkó lọ́dún 1978, Salamanca, àti àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá. Ìjọba 92 fọwọ́ sí Salamanca, síbẹ̀ ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé ó lè sàn kí adití kẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwé tàbí kíláàsì tiwọn, nítorí ọ̀rọ̀ èdè. Àwọn tó ń fi Salamanca ṣẹ̀rí kì í sábà ka ibẹ̀. Abala 24 àdéhùn 2006 ní kí ìjọba gba olùkọ́ tó gbọ́ èdè àwọn adití tàbí tó mọ braille (ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà), kí àwọn akàndá fúnra wọn sì wà lára àwọn olùkọ́ náà. Ibẹ̀ ni kí gbogbo ẹni tó ń jà lórí kíláàsì kan tàbí méjì kọ́kọ́ kà.